Bí A Ṣe Ń Tún Ara Píkọ́ọ̀pù Píjò 504 Ṣe Kó Tẹ́jú: Láti Orí Irin Dé Orí Ọ̀dà

Píkọ́ọ̀pù 504 tó ń kó kòkó àti gbágùúdá lọ sọ́jà láyé ọjọ́sí kò tíì parẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹ máa rí i lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, taya ti jo, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ò ní àìsàn tí mẹ́káníìkì gidi ò lè wò. Ara rẹ̀ ló máa ń dá olówó dúró: ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, pọ́tì àtijọ́ tí wọ́n fi dí kòtò ara irin ti ń ṣí, ìlà tó yẹ kó lọ tààrà láti iwájú lọ sẹ́yìn sì ti wọ́.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, Yúróòpù sì fi jẹ Ọkọ̀ Ọdún ní 1969. Pininfarina ti Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń to Píjò pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Peugeot sì gbé píkọ́ọ̀pù 504 jáde ní 1979. Iwájú píkọ́ọ̀pù àti ti ọkọ̀ kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní sùúrù fi ṣì lè rí fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin, ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí ní Òwódé Onírin.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ara ọkọ̀ yẹn ṣe máa tẹ́jú débi pé, tí ẹ bá tan iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ á sáré lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọwọ́ pẹ́ńtà ni èyí wà. Kò sí lọ́wọ́ pẹ́ńtà. Ọ̀dà ò bo nǹkan kan, ńṣe ló ń polongo rẹ̀. Orí irin ni iṣẹ́ wà, lẹ́yìn náà lórí sáńpépà gígùn.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tó máa lọ àti ohun tó máa kù

Ẹ mú ẹfun lọ́wọ́, kí ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ yọ, ẹ fa ìlà sí i.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí lórí píkọ́ọ̀pù Chevrolet àti Ford àtijọ́. Wọ́n á yọ orúkọ ọkọ̀ kúrò, wọ́n á dí ihò ẹ́ríà rédíò, wọ́n á yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn, títí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á fi lọ gbalaja tí ohunkóhun ò ní dá ojú dúró lórí rẹ̀. Ó dùn ún wò. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ 504.

Ìlà tó gba èjìká ọkọ̀, tó wá láti ẹ̀gbẹ́ iná iwájú tó sì gba orí fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ṣíṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ irin níbẹ̀ ló fún un lágbára. Irin tó fẹ̀ tí kò ní ìlà kankan lára á máa dún kọ́ú-kọ́ú tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á máa gbọ̀n lójú ọ̀nà tó ní kòtò, á sì máa tú àṣírí gbogbo ibi tí òòlù bá ti ṣì í lù. Ìlà máa ń bo èèyàn láṣìírí. Ibi tó tẹ́jú ni kì í bo ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kó lọ pọ̀ tó: ihò tí wọ́n fi de orúkọ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ihò ẹ́ríà, ihò díńgí tí ẹnì kan lu tó sì fi sílẹ̀, ìkọ́ okùn tó yí ẹ̀yìn tí à ń kẹ́rù sí ká (tí ẹ ò bá ní da tapólì bò ó mọ́), àti gbogbo abulẹ̀ tí panẹ́lì-bítà ayé àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Gọ́tà tín-ín-rín tó wà lókè ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó máa ń wu èèyàn láti gé e. Tí ẹ bá gé e, òjò á máa ro sí yín nítan nígbàkigbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ náà ni òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ kábíìnì ti pàdé, ẹ ó sì ní láti jó gbogbo gígùn ojú ìsopọ̀ yẹn kó má bàa ya. Tèmi ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Iná, réfúlẹ́kítà àti ibi nọ́ńbà náà, ibi tí òfin ìrìnnà fi wọ́n sí ni kí wọ́n wà.

Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wádìí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà

Ẹ yọ ojú bátìrì. Ẹ tú táǹkì epo kúrò pátápátá, kí ẹ gbé e jìnnà síbi tí iná ti máa ṣẹ́. Táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ ṣì léwu, torí oru epo gan-an ló máa ń gbaná. Lẹ́yìn èyí ẹ yọ bọ́ńpà, iná, rọ́bà ojú gíláàsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀tì tí ẹ bá tú níbì kan, inú ọ̀rá kan ni kí wọ́n wọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo ara, kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ tó mọ́ àti tínà nù ún kí ẹ tó gbé sáńpépà rárá. Bí gíríìsì tàbí páálíṣì bá wà lórí ọ̀dà àtijọ́, sáńpépà á rì í wọnú irin. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fọ́n ọ̀dà tuntun, kò ní gbà á mọ́ra níbẹ̀, á máa sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀. Ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá.

Ẹ wá òòfà kékeré, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ẹ fi aṣọ tín-ín-rín wé e, kí ẹ máa gbé e kiri ara ọkọ̀. Ibi tó bá ti di irin mú gírígírí, pọ́tì ibẹ̀ ò nípọn. Ibi tó bá ti ń yọ́ bọ́, ẹ fi ẹfun yí i ká, pọ́tì ló pọ̀ níbẹ̀. Lórí ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún lọ́dọ̀ wa, kò ní ya èmi lẹ́nu tí ẹ bá rí pọ́tì tó nípọn bí ìka, tí ẹ gé e tán, tí ẹ wá rí ìwé ìròyìn tí wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n fi dí ihò lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ gé e dé ibi tí irin ti ń dán.

Ẹ má fi fáílíǹgì máṣíìnì tó ní dísíìkì líle bọ́ ọ̀dà lójú irin tó fẹ̀. Ó ń gbóná, ó sì ń jẹ irin. Kí ẹ tó mọ̀, ilẹ̀kùn ti fẹ̀ síwájú, ó ti rọ̀ bí bébà. Dísíìkì sáńpépà 80 (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha nǹkan tó) lórí máṣíìnì tó ń yí jẹ́jẹ́ ló dáa, kí ẹ má sì dúró lójú kan. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ bo imú yín dáadáa, kí ẹ rin ilẹ̀ kí eruku má bàa fò, kí àwọn ọmọdé má ṣeré níbẹ̀.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí níbikíbi tó sún mọ́ òkun: ẹ má bọ́ gbogbo ọkọ̀ sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹfà, irin tí ẹ fi sílẹ̀ lálẹ́ á ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ṣiṣẹ́ irin ibẹ̀ tán, ẹ fi píráímà epoxy, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dáàbò bo irin, bò ó, kí ẹ tó bọ́ òmíràn.

Ìpẹtà: gígé ni

Kò sí oògùn tí à ń kùn sójú ihò. Omi apa-ìpẹtà tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tó ní ásíìdì phosphoric nínú, wúlò fún àbàwọ́n tó wà lójú irin tó ṣì le. Ẹ fi omi ṣan án kúrò dáadáa kó sì gbẹ, torí epoxy kì í di ojú tí ásíìdì ṣì wà mú. Ibi tí irin bá ti ń fọ́ tí ẹ bá fi igi gún un, ẹ gé e.

Ibi tó máa ń jẹ lára ọkọ̀ yìí kò farasin: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn fẹ́ńdà iwájú níbi tí taya ń da ẹrọ̀fọ̀ sí, abẹ́ kábíìnì lábẹ́ ilẹ̀kùn, àti igun ibi tí à ń kẹ́rù sí. Ẹ gé kọjá ìpẹtà bí sẹ̀ǹtímítà méjì títí ẹ ó fi bá irin tó dáa, kí ẹ sì jẹ́ kí igun ibi tí ẹ gé ṣe rogodo. Igun ṣóńṣó ló máa ń ya.

Fún abulẹ̀, ṣíìtì géèjì 20, tó nípọn tó mìlímítà 0.9, ló bá a mu jù. Géèjì 16 tí àwọn wẹ́dà géètì ń lò le jù, kò ní tẹ̀ bá ara ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí òrùlé ọkọ̀ tí wọ́n ti já náà dáa, irin ọkọ̀ ni, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ fi páálí gé àwòrán ihò náà kí ẹ tó gé irin. Ẹ jẹ́ kí etí abulẹ̀ kan etí irin: ẹ má gbé abulẹ̀ lé orí irin àtijọ́, torí àárín irin méjì tó gun ara wọn ni omi máa ń sápamọ́ sí.

Jíjó rẹ̀

Tí ẹ bá ní máṣíìnì MIG, ìyẹn wẹ́dà oníná tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, wáyà mìlímítà 0.6 ni kí ẹ fi sí i. Ẹ jó o ní ẹ̀kán-ẹ̀kán: kán kan níhìn-ín, kán kan ní ìdojúkọ rẹ̀, kán kan láàárín. Ẹ má fa ìlà iná lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn ẹ̀kán bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ dúró títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé e láìjó yín, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá kánjú níbí á lo ọ̀sẹ̀ kan láti tún irin tó lọ́ ṣe. Nígbà tí ẹ̀kán bá ti fara kan ẹ̀kán yíká, ẹ lọ̀ ọ́ palẹ̀ pẹ̀lú dísíìkì, kí ẹ má sì jẹ́ kó jẹ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Panẹ́lì-bítà wa tó dàgbà nídìí iṣẹ́ máa fẹ́ lo ọ́síjìn àti gáàsì kábáìdì. Kò burú. Ojú ibi tó bá fi jó máa ń rọ̀, ó ṣeé fi òòlù tẹ́, nígbà tí ti MIG máa ń le gbágbá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ooru rẹ̀ ń rìn jìnnà, irin á sì wú. Kó lo ẹnu kékeré, kó fi aṣọ tútù yí ibẹ̀ ká, kí òòlù sì máa tẹ̀ lé iná bó ṣe ń jó o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kábáìdì ṣeré. Omi tó bá kan kábáìdì ló ń di gáàsì acetylene, kékeré sì ni iná tó lè fọ́ dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po ó sí. Kó jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí fáàfù tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn wà lórí rọ́bà méjèèjì. Agbára acetylene ò gbọdọ̀ kọjá 15 psi. Ẹ má fi páìpù bàbà gbé e, ẹ má sì fi epo tàbí gíríìsì kan ojú ọ́síjìn láéláé. Bí ọ̀gá kan bá ní òun ti ń ṣe é láìní fáàfù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ bá a rà á. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lò ó nítorí tèmi" kì í ṣe àrífín.

Òòlù, dólì àti àtẹ́lẹwọ́

Ẹ fi ọ̀rá tín-ín-rín bo àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀kùn, ẹ dijú, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ ní gígùn. Ẹ má fi ṣóńṣó ìka wá a, ọgbọ́n rẹ̀ kéré. Àtẹ́lẹwọ́ ló mọ̀ ìgbà tó bá gun òkìtì àti ìgbà tó bá bọ́ sínú kòtò tó kéré débi pé ojú ò rí i. Ẹ ó máa padà sí èyí títí iṣẹ́ á fi parí.

Dólì ni irin wúwo tí ẹ máa dì mú lẹ́yìn irin ọkọ̀ nígbà tí òòlù wà níwájú. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí òòlù bá ń lu orí dólì gan-an, irin àárín wọn ń tẹ́, àmọ́ ó tún ń fẹ̀ sí i. Bí òòlù bá ń lu ẹ̀gbẹ́ dólì, tí ẹ fi dólì sábẹ́ kòtò tí ẹ sì lu òkìtì tó wà létí rẹ̀, kòtò á gòkè, òkìtì á wálẹ̀, irin ò sì ní fẹ̀ púpọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni kí ẹ máa lò fún iṣẹ́ tó pọ̀ jù, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ parí rẹ̀. Ẹ lù ú jẹ́jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tó bá ń dún kọ́ú tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, irin ti fẹ̀ jù níbẹ̀. Òòlù ò ní wò ó sàn, ńṣe ni á bà á jẹ́ sí i. Iná ló ń sún un kì: ẹ mú ojú kan tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ gbóná títí á fi pọ́n, ẹ yára fi dólì gbé e lẹ́yìn kí ẹ lù ú yíká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ wá fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́. Á fà mọ́ra. Ẹ dúró kó tutù tán, kí ẹ tó tún fọwọ́ wò ó. Bí ó bá ṣì kù, ẹ mú ojú mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má padà sójú kan náà.

Fún ìlà èjìká, ẹ fa okùn tàbí ẹ lẹ téèpù tín-ín-rín láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ fi ojú kan wò ó. Ojú á sọ ibi tó ti wọ́ fún yín kíákíá. Ẹ fi ṣísù tí ẹnu rẹ̀ ti kú lù ú látẹ̀yìn sí àmì téèpù náà, kí ẹnìkan di igi líle mú níwájú. Ìlà tí pọ́tì ṣe máa ń dáa lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, á sì fọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi orúnkún kàn án.

Dídí ihò àti yíyọ ìlà tí ẹ ò fẹ́

Ihò kékeré, bíi ti orúkọ ọkọ̀, kò le. Ẹ di bàbà pẹlẹbẹ mú lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ kán MIG sínú ihò náà. Irin ò ní lẹ̀ mọ́ bàbà, bàbà náà á sì fa ooru kúrò. Ihò tó ju mìlímítà 5 lọ, ẹ gé irin rogodo tó bá a mu, kí ẹ jó o sí i ní kán mẹ́rin kí ẹ tó yí i ká. Ẹ má fi pọ́tì nìkan dí ihò. Omi á gba ẹ̀yìn wọlé, pọ́tì á mu ún, á wú.

Ìlà gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kẹ́rù sí yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan máa ń kàn jó ọ̀pá irin lé orí kòtò ìlà náà, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ palẹ̀. Ó ń tẹ́jú lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi ihò ṣófo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí omi á máa gbé inú rẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Èyí tó dáa ni kí ẹ gé ìlà náà kúrò pátápátá, kí ẹ fi ṣíìtì tuntun rọ́pò rẹ̀ ní etí kan etí.

Kí ẹ tó jó o, ẹ tẹ ṣíìtì náà díẹ̀ lórí páìpù tàbí dúrọ́ọ̀mù, kí àárín rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Kò yẹ kí ojú rẹ̀ tẹ́ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó tẹ́ tìì máa ń dà bí èyí tó wọnú lójú ẹni tó ń wò ó, ooru wẹ́dà á sì fà á wọnú lóòótọ́. Yíyọ síta díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí irin le, òun ló sì ń jẹ́ kó rẹwà. Lẹ́yìn tí ẹ bá jó o tán, ẹ fi irin tín-ín-rín kan tàbí méjì gbé e ró látẹ̀yìn, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù irin ọkọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ má jó o, torí ojú iná á yọ síwájú.

Tí ẹ kò bá tíì jó irin tín-ín-rín rí, ẹ fi ìlà ẹ̀yìn yìí sílẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí ihò rẹ̀ ti dí, tí ìlà rẹ̀ sì tọ́, ti dára ju ọ̀pọ̀ tó wà lójú títì lọ.

Ẹ so ilẹ̀kùn padà kí pọ́tì tó dé

Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà àti géètì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ padà sáyè wọn pẹ̀lú rọ́bà tuntun kí ẹ tó po pọ́tì. Rọ́bà tuntun máa ń ti ilẹ̀kùn síta. Tí ẹ bá ṣe ara rẹ̀ tẹ́jú láìsí rọ́bà, á wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ rọ́bà sí i. Ẹ wá igi tàbí páálí líle tó nípọn tó mìlímítà 5, kí ẹ máa tì í sí àlàfo yíká ilẹ̀kùn. Ibi tó bá ti fún, ẹ tún híńjì rẹ̀ ṣe tàbí kí ẹ lọ etí rẹ̀ díẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ̀, ẹ jó wáyà sí etí irin kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Híńjì 504 tó ti jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí ilẹ̀kùn tó rọ̀ sílẹ̀ ò ní jókòó lójú kan fún yín.

Pọ́tì

Bí iṣẹ́ irin bá dáa, pọ́tì tó máa kù lẹ́yìn sáńpépà ò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ níbikíbi, púpọ̀ rẹ̀ kò sì ní tó ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn kí epoxy kọ́kọ́ wà lórí irin, kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà 80 ha á, kí pọ́tì tó gun orí rẹ̀. Irin á ti ní ààbò kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ po ó lórí gíláàsì tàbí páànù tó mọ́, ẹ má po ó lórí páálí, páálí á fa ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Hádínà rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 2 nínú 100. Nínú ooru wa, ó lè le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ máa po díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá da hádínà púpọ̀ sí i kó lè yára, àwọ̀ hádínà náà á yọ jáde lójú ọ̀dà lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, pàápàá lórí ọ̀dà funfun. Ẹ fi ọ̀bẹ pọ́tì tó fẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ó sì kọjá ibi tó bàjẹ́ dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Sáńpépà 80 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, 120, lẹ́yìn náà 180. Gbígbẹ ni. Ẹ má da omi sí pọ́tì, ó ń mu omi, omi yẹn á sì wà lábẹ́ ọ̀dà yín títí.

Igi gígùn àti eruku dúdú

Sáńpépà tó wà nínú ọwọ́ lásán á tẹ̀ lé kòtò sọ̀kalẹ̀, á tẹ̀ lé òkìtì gòkè, kòtò á sì wà síbẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tó tọ́, tó gùn tó ìdajì mítà, tó sì tẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá ń lò ó lórí fẹ́ńdà. Ẹ gbé e gba ìlà tó dábùú ara wọn: láti apá òsì òkè sí apá ọ̀tún ìsàlẹ̀, kí ẹ wá yí i padà. Ọwọ́ kan ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ ju èkejì lọ. Fún ìlà èjìká, ẹ lẹ téèpù sí orí rẹ̀, ẹ ha ìsàlẹ̀ dé téèpù, ẹ ṣí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ ha òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ á fi mú.

Lẹ́yìn pọ́tì, ẹ fọ́n píráímà 2K (èyí tí à ń po hádínà mọ́) tó nípọn bíi ìpele mẹ́ta, kó gbẹ dáadáa. Ẹ wá fọ́n ọ̀dà dúdú inú agolo sí i lórí láti ọ̀nà jíjìn, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí eruku tó bà lé e. Ẹ gbé igi gígùn pẹ̀lú sáńpépà 240. Bí ẹ ṣe ń ha á, dúdú ń lọ. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti funfun, kòtò ni. Ibi tí dúdú ti kọ́kọ́ lọ, tí píráímà pàápàá ń fẹ́ kúrò, òkìtì ni. Lórí ilẹ̀kùn kan, ẹ lè rí erékùṣù dúdú kékeré tó gùn bí ewé ìrẹsì lábẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, tí ọwọ́ yín ti kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ má fi ìka kan tẹ sáńpépà síbẹ̀ kó lè lọ. Kòtò náà á wà níbẹ̀, dúdú nìkan ló máa lọ. Ẹ fi pọ́tì kíkúnná díẹ̀ kún un, tàbí kí ẹ tún fọ́n píráímà sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà yẹn lákọ̀tun.

Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lèyí lè ṣẹlẹ̀ kí dúdú tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà lójú gbogbo. Ibí ni owó àti sùúrù àwọn èèyàn máa ń tán sí, tí wọ́n á ní kí pẹ́ńtà kàn máa fọ́n ọ̀dà. Bí owó bá tán, ẹ gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú epoxy lára rẹ̀ títí owó á fi dé. Píráímà 2K nìkan kò tó láti dúró lójú òjò.

Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 320, lẹ́yìn náà 400 fún gbígbẹ tàbí 800 tí ẹ bá ń fi omi ha á. Píráímà gba omi díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí pọ́tì ò bá hàn síta.

Ọ̀dà

Ẹ lo omi kí ẹ lè rí bó ṣe máa rí: ní alẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó máa dán, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ìpẹ̀kun rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí nísinsìnyí ni ẹ ó rí lẹ́yìn ọ̀dà. Ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa lẹ́yìn náà.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Dúdú àti àwọ̀ tó ń dán yanranyanran ń fi gbogbo àléébù hàn. Funfun àti àwọ̀ yẹ́lò rírọ̀ tí a mọ̀ mọ́ Píjò ọjọ́sí máa ń dárí jini.

Hádínà ọ̀dà 2K ní isocyanate nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú ò sì lè dá a dúró. Ìbomú tó ń gba afẹ́fẹ́ tó mọ́ láti ibòmíràn ló tó. Tí pẹ́ńtà yín kò bá ní i, ẹ wá èyí tó ní in. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù láàárọ̀. Ẹ má fọ́n ọ̀dà lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú; ọ̀dà á funfun bí èéfín, á sì pàdánù dídán rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ gbẹ dáadáa, àmọ́ eruku rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ rin ilẹ̀, ẹ ti ibi iṣẹ́ pa, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Kí ọkọ̀ tó jáde

Gbogbo ibi tí ẹ ti jó ni ìpẹtà á kọ́kọ́ wá láti ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀dà ò dé. Ẹ ti rọ́bà tín-ín-rín wọ inú ilẹ̀kùn àti abẹ́ kábíìnì, kí ẹ fọ́n epo ìpara inú irin tàbí gíríìsì tí ẹ yọ́ pẹ̀lú epo ẹ̀ńjìnnì sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Ẹ ṣọ́ ihò kékeré ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde. Pẹ́ńtà àti pọ́tì máa ń dí i láìmọ̀. Ẹ fi wáyà ṣí i, ẹ da ife omi kan sínú ilẹ̀kùn láti òkè, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀.

Tí àwọ̀ bá ti yí padà, ẹ gbé ìwé ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì kí wọ́n kọ àwọ̀ tuntun sí i kí ẹ tó gbé e jáde sójú títì, torí ẹni tó bá dá yín dúró á kọ́kọ́ fi àwọ̀ ọkọ̀ wéra pẹ̀lú ìwé. Ọ̀dà náà nílò oṣù kan sí méjì kó tó le tán, ẹ má fi páálíṣì bò ó kó tó pé bẹ́ẹ̀, ẹ má sì kó irin tàbí bílọ́ọ̀kù sẹ́yìn rẹ̀ láìtẹ́ rọ́bà síbẹ̀.